Ìṣẹ́jú Mẹ́ta, Ogún Ìṣẹ́jú, Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú Àáyá: Bí Ohun Tí A Fi Ń Gbé Orin Ṣe Ń Yí Orin Yorùbá Padà

Lọ́dún 1922, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, ará Abẹ́òkúta tó jẹ́ bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin 43 sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní London. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, a ṣì ń gbọ́ ohùn bàbá. Ṣùgbọ́n orin kì í tíì wọni lára tán tó fi ń dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu olórin. Àwo ló kún.

Àwo ìgbà náà máa ń yí nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan. Abẹ́rẹ́ giramafóònù ń tọ ilà tí wọ́n fín sára rẹ̀, ilà ọ̀hún sì fẹ̀, kì í pẹ́ kó tó dé àárín. Ojú kan kì í sábà gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Inú ààyè tóóró yìí náà ni Túndé King, ọ̀gá jùjú l'Ékòó àtijọ́, ti kọ àwo tiẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Lójú agbo, olórin lè ki olóde títí dé orí baba ńlá rẹ̀. Nínú àwo, kò tíì pe orúkọ mẹ́ta tí abẹ́rẹ́ fi dé òpin.

A máa ń sọ̀rọ̀ nípa àwo, kásẹ́ẹ̀tì àti fóònù bí ẹni pé ẹrù kan náà la kàn ń pààrọ̀ ọkọ̀ fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọkọ̀ náà ló ń pinnu bí ẹrù yóò ṣe tóbi tó, òun náà ló sì ń pinnu ẹni tí yóò gba owó rẹ̀.

Ní 1948, ilé iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo LP jáde. Ó rọra ń yí, ilà rẹ̀ tín-ín-rín, ojú kan sì ń gbà tó ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òyìnbó sábà ń to orin márùn-ún tàbí mẹ́fà sójú kan. Nígbà tí ààyè náà dé ọwọ́ àwọn olórin tiwa, bí wọ́n ṣe ń ṣeré lóde ìnáwó ni wọ́n ṣe lò ó: orin kan wọnú òmíràn, ìlù ò dúró, wọ́n ki olóyè, wọ́n ki oníṣòwò, wọ́n fi òwe ránṣẹ́ sí ọ̀tá, títí ojú àwo fi tán. Bí LP jùjú àwọn ọdún 1970 bá wà nílé yín, ẹ wo bébà róbótó tó wà láàárín rẹ̀. Ẹ lè rí àkọlé mẹ́rin tàbí márùn-ún níbẹ̀, kí ẹ má sì rí àlàfo kankan láàárín wọn lójú àwo. Lójú tèmi, ìgbà yẹn ni àwo kọ́kọ́ bá orin wa mu.

Ìgbà yẹn náà ni àwọn olórin kan fẹ́ kí owó bọ́ sọ́wọ́ tiwọn. Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I.K. Dairo dá ilé iṣẹ́ àwo STAR sílẹ̀ ní 1969, kí wọ́n lè máa ta iṣẹ́ ara wọn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ àwo Island sì fẹ́ ta King Sunny Adé, olórin jùjú, fún gbogbo ayé ní 1982, gígé ni wọ́n gé orin rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Orin méje ló wà nínú àwo Juju Music, kí etí àlejò lè rí ibi sinmi.

Kásẹ́ẹ̀tì, tí Philips gbé jáde ní 1963, fún olùgbọ́ ní agbára tí àwo ò fún un rí. Ike pẹlẹbẹ méjì wà ní ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba nǹkan mìíràn lé orin rẹ̀ yóò ṣẹ́ ike náà dànù. Tó bá yí ọkàn padà, á ká bébà sínú ihò tàbí kó fi sẹ́lótéèpù dí i, á sì tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gba ohùn. Báyìí ni ẹ̀dà eré ojú agbo àwọn onífújì ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, láti Mushin dé London. Owó tí olórin pàdánù nínú ẹ̀dà wọ̀nyẹn pọ̀, ó sì yẹ kó dùn wá.

Ní báyìí, nọ́ńbà lorin. Sídíì, tó dé ọjà ní 1982, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀: ẹ̀rọ á wọn ìgbì ohùn nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà náà pọ̀ jù láti fi ránṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì wà lára àwọn tó wá ojútùú sí i, iṣẹ́ wọn ló sì gba orúkọ MP3 ní 1995. Nígbà tí ohùn ńlá bá dún, etí kì í gbọ́ ohùn kékeré tó súnmọ́ ọn. MP3 ń wá irú àwọn ohùn bẹ́ẹ̀, ó ń yọ wọ́n kúrò, orin á sì dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ohun tó jẹ́ kí orin wọ fóònù nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá le jù. Spotify, ìkànnì orin tó wọ Nàìjíríà ní 2021, máa ń ka orin sí gbígbọ́ tí ènìyàn bá ti gbọ́ ọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Bí orin bá sì gùn tó ìṣẹ́jú méjìdínlógún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà á. Ẹ rò ó wò: ojú àwo jùjú kan lódindi, tí onílù mẹ́wàá fi òógùn ṣe, ẹ̀ẹ̀kan ni, orin ìṣẹ́jú méjì tí ọmọdé gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láàárín àkókò kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni. Láti 2024, orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù méjìlá kì í tilẹ̀ gba kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ àpàlà àti sákárà tí àwọn àgbà nìkan ń wá kiri lè ṣubú sínú ihò yìí. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn ọ̀dọ́ olórin ń gé ìbẹ̀rẹ̀ orin kúrò, tí ohùn sì ń wọlé kí ìlù tó rójú sọ̀rọ̀.

YouTube yàtọ̀ díẹ̀. Fídíò tó bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ lè gba ìpolówó sí àárín, nítorí náà eré onífújì oníwákàtí kan ṣì lè mówó wá níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo rí ìrètí díẹ̀ fún orin gígùn.

Ohun mìíràn tún ń sọnù tí a kì í fura sí. Lẹ́yìn páálí LP, ẹ máa ń rí orúkọ ẹni tó lu gángan, ẹni tó ta gìtá, àwọn elégbè. Lórí ẹ̀rọ, orúkọ ọ̀gá nìkan ló sábà ń kù. Kódà ọdún tí wọ́n kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin lè jẹ́ ọdún tí ẹnìkan gbé e síbẹ̀, kí ọmọ tó ń gbọ́ wá rò pé àná ni wọ́n kọ ọ́.

Ẹ má sì rò pé ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti bọ́ lọ́wọ́ ìparun. Ní oṣù Kẹta 2019, ìkànnì MySpace jẹ́wọ́ pé orin tí àwọn ènìyàn gbé sọ́dọ̀ wọn láàárín 2003 sí 2015 ti ṣègbé nígbà tí wọ́n ń kó wọn láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Tẹ́ẹ̀pù náà ò sì ní í dúró dè wá. Lẹ́búlẹ́bú irin tí òòfà ń darí ni ohùn wà lára rẹ̀, gọ́ọ̀mù ló so lẹ́búlẹ́bú náà mọ́ ike. Gọ́ọ̀mù ọ̀pọ̀ tẹ́ẹ̀pù ńlá tí ilé iṣẹ́ lò ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, á máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, á sì máa hó. Àwọn amòye ní láti yan án nínú ooru tó lé díẹ̀ ní ìwọ̀n 50 Celsius kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì ìnáwó ìyá rẹ̀ tàbí eré tí kò sí níbòmíràn, kó tètè wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó dára. Kó ní kí wọ́n gbà á sí WAV, irú fáìlì tí kì í yọ ohùn kankan kúrò, nítorí MP3 ti gé nǹkan dànù kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà méjì, kí wọ́n wà ní ilé méjì. Kó ya páálí rẹ̀ ní fọ́tò níwájú àti lẹ́yìn, kó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ṣì wà láàyè ta ló ń lu ìyá ìlù lọ́jọ́ náà, kó kọ orúkọ yẹn mọ́ ọn.