Ìwé Orin Tí Kò Ní Àmì Ohùn

Yorùbá tó ń gbé Trikania ní Kaduna, tó bá ń lọ sí ìsìn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mọ ìwé orin inú àpò rẹ̀ dáadáa. Ẹ ṣí i wò. Nọ́ńbà orin ló wà lókè, ẹsẹ Bíbélì tẹ̀ lé e, àwọn lẹ́tà kéékèèké bíi C.M. tàbí L.M. sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ orin. Àmì ohùn orin ńkọ́? Kò sí ẹyọ kan.

Àwọn lẹ́tà yẹn ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. C.M. ń sọ pé sílébù ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 8, 6, 8, 6. Ẹni tó bá ti mọ ohùn kan tó bá ìwọ̀n náà mu, ó lè gbé e wọ orin tuntun.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ìwé orin ìgboro àwọn ará Faransé àtijọ́ sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ nìkan. Wọn á kọ orúkọ orin kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sókè, kí wọ́n lè fi ohùn rẹ̀ kọ ọ́. Títẹ àmì ohùn ṣòro nígbà náà. Ní 1528 ni òǹtẹ̀wé Pierre Attaingnant ní Paris gbé ìwé orin jáde pẹ̀lú òǹtẹ̀ tó so àmì ohùn pọ̀ mọ́ ìlà tó jókòó lé, tí wọ́n fi ń tẹ bébà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nílẹ̀ wa, míṣọ́nárì Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1854. Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde níbẹ̀ ní December 1859. Ní 1867, nígbà Ìfọ́lé tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn míṣọ́nárì, wọ́n ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Ìpàdé àwọn míṣọ́nárì CMS ní Èkó ní 1875 ló wá fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn míṣọ́nárì ń ṣe orin ìsìn ní Yorùbá, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé wọ ọ̀rọ̀ wa. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀: ohùn ẹnu nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ ti dàrú nìyẹn. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti wà lára àwọn tó tún un ṣe: ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ohùn tẹ̀ lé e. Ní 1922, ó gba orin 43 sílẹ̀ fún Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nítorí pé ìwé orin wa kò ní àmì ohùn, ẹnu àwọn ìyá wa ni ìdajì rẹ̀ wà. Ẹ̀yin òbí ní Trikania, ẹ kọ orin inú rẹ̀ sétí àwọn ọmọ yín, nítorí ẹni tí kò gbọ́ ohùn rí, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò kà.