ÌMỌ́LẸ̀ LÁRA ÒKÚTA DÚDÚ

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó mọ síléètì, òkúta dúdú pẹlẹbẹ tí àwọn bàbá wa fi kọ́ A B D ní ilé-ẹ̀kọ́. Lára irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni Titian, àgbà ayàwòrán tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Fẹ́nísì ní Ítálì, ya àwòrán Olúwa wa sí ní ọdún 1547. Orúkọ rẹ̀ ni Ecce Homo, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ Pílátù nígbà tí ó mú Jésù jáde síwájú àwọn ènìyàn.

Èéṣe tí a fi lo òkúta? Pákó a máa wú, kòkòrò a sì máa jẹ ẹ́. Aṣọ pẹ̀lú a máa gbó. Ní nǹkan bí ọdún 1530, Sebastiano del Piombo rí ọ̀nà ní Róòmù tí ọ̀dà olóróró fi lè lẹ̀ mọ́ òkúta, kí iṣẹ́ náà lè pẹ́. Ní ọdún 1527 ni àwọn ọmọ-ogun Olú-ọba Charles Karùn-ún ti kó ìlú Róòmù kan náà, tí wọ́n sì ba ọ̀pọ̀ ohun mímọ́ jẹ́.

Ẹni tí ó ń yàwòrán lórí ohun funfun ní láti fi ọ̀dà dá òkùnkùn. Ṣùgbọ́n lórí síléètì, òkùnkùn ti wà nílẹ̀ ná, ìmọ́lẹ̀ ni ó kù tí a óò mú wá. Ẹ wo Jésù nínú àwòrán yìí: ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ bà lé àyà rẹ̀, a sì rí adé ẹ̀gún àti ọwọ́ tí a dè. Kò sí Pílátù níbẹ̀, kò sí èrò tí ń kígbe. Àwa tí ń wò ó ni a dúró ní ipò wọn.

Ní oṣù January 1548, Titian mú àwòrán náà tọ Charles lọ ní Augsburg ní Jámánì. Ní ọdún 1555, ó ya Màríà tí ń sọkún sí ara òkúta mábù, láti bá a kẹ́gbẹ́. Nígbà tí Charles fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó kó méjèèjì lọ sí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Yuste ní Spéìn, níbi tí ó kú sí ní ọdún 1558. Ilé ìṣúra Prado ní Madrid ni wọ́n wà nísinsìnyí.

Òkúta wúwo láti gbé, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni, fífọ́ ni yóò fọ́. Kì í ṣe òkúta nìkan, nítorí náà, ni ó pa iṣẹ́ yìí mọ́, bí kò ṣe ọwọ́ àwọn tí ó ṣìkẹ́ rẹ̀. Ẹni tí àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ ba Róòmù jẹ́ sì mú àwòrán Ọba tí a dè lọ́wọ́ lọ sí ibi tí yóò ti kú.