Bí Onílé Ìgbàlejò Ṣe Lè Dá Àlejò Lóhùn Nípa Ojú Ọjọ́ ní Ìlérò àti Agbègbè Òkè-Ògùn

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ní ilé ìgbàlejò ní Ìlérò, Òkèhò, Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí máa ń gbọ́ lórí fóònù kí àlejò tó san owó: "Ṣé òjò ò ní rọ̀ lọ́jọ́ náà?" Ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ń béèrè rẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ wá sìnkú òbí rẹ̀ ń béèrè rẹ̀, ẹni tó fẹ́ gun òkè Adó-Àwáyè lọ wo adágún Ìyákẹ́ náà ń béèrè rẹ̀. Ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu jù ni "Rárá o, kò ní rọ̀, ẹ máa bọ̀." Ìdáhùn yìí lè mú owó wọlé lónìí, ṣùgbọ́n ó lè dá ìjà sílẹ̀ lọ́la, ó sì lè fi ẹ̀mí ènìyàn wewu. Nínú àlàyé yìí, a fẹ́ sọ ohun tí onílé lè sọ láìparọ́ àti láìlé àlejò sá.

Ìdí tí ojú ọjọ́ wa kò fi ṣeé fọwọ́ sọ̀yà fún

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ojú ọ̀run wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ní ọ̀rinrin, ó ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Òun ló ń gbé òjò wá. Èkejì gbẹ, ó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn. Òun ló ń gbé ọyẹ́ àti eruku wá. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró lójú kan. Ó ń bá oòrùn lọ sí àríwá, ó sì ń bá a padà sí gúúsù lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn èyí, púpọ̀ nínú òjò wa kì í rọ̀ káàkiri lẹ́ẹ̀kan náà. Oòrùn á mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin á gòkè, ìkùukùu á ṣú, òjò á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án tàbí nírọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí òjò fi lè rọ̀ ní Ìlérò kí ilẹ̀ Òkèhò sì gbẹ. Ìjì ńlá tó ń ṣí òrùlé sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àkókò òjò.

Ohun tí oṣù kọ̀ọ̀kan sábà máa ń mú wá

Láti ìparí oṣù Ẹrẹ́nà títí di oṣù Èbìbí ni àkọ́rọ̀ òjò, òun pẹ̀lú ìjì àti àrá. Òjò máa ń pọ̀ sí i ní oṣù Òkúdù àti Agẹmọ, ó sábà máa ń dẹwọ́ ní oṣù Ògún, ó sì tún máa ń pọ̀ ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀. Nígbà tí oṣù Ọ̀wàrà bá ń parí lọ, òjò ti ń lọ. Oṣù Bélú sí Èrèlé ni ẹ̀ẹ̀rùn. Ọyẹ́ máa ń fẹ́ ní oṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́: òwúrọ̀ á tutù, ọ̀sán á gbóná, eruku á bo ojú ọ̀nà. Ooru sì máa ń mú gan-an ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà "sábà". Oṣù Ògún ni a mọ̀ sí oṣù tí òjò ń sinmi, síbẹ̀ inú oṣù náà ni omi Ògùnpa ya wọ ìlú Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, ọdún 1980, inú rẹ̀ náà sì ni omíyalé tún ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26, ọdún 2011. Ẹ̀mí ṣòfò nínú méjèèjì. Ẹni tó bá sọ fún àlejò pé oṣù Ògún kò ní òjò ti ṣì í lọ́nà.

Bí a ṣe ń ka àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́

Àjọ NiMet ni Ìjọba Àpapọ̀ gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Ó máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ àkókò òjò jáde lọ́dọọdún, ó sì ń gbé ti ojoojúmọ́ jáde pẹ̀lú. Ó ní ibùdó tí wọ́n ti ń wọn òjò àti ooru ní Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí.

Bí fóònù bá sọ pé òjò jẹ́ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe pé yóò rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, òjò á rọ̀ ní mẹ́fà, mẹ́rin á sì lọ láìsí òjò. Bí ọjọ́ náà bá ṣe jìnnà tó ni àsọtẹ́lẹ̀ ṣe máa ń ṣì tó. Nítorí náà, ẹ tún un wò ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì tún un wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

Ohun tí ẹ lè sọ

Kí ẹ tó dáhùn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun mẹ́ta: kí ni àlejò fẹ́ ṣe ní ìta, aago mélòó ni, ọ̀nà wo ni yóò sì gbà wá? Lẹ́yìn náà, ẹ lè sọ báyìí:

"Ẹ kú ìmúra o, mà. Òjò máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀sán ló sì sábà máa ń rọ̀. A kò lè ṣèlérí pé kò ní rọ̀. Bí ẹ bá lè fi ètò ìta sí òwúrọ̀, yóò dára. Gbọ̀ngàn wa gba ogójì ènìyàn bí òjò bá dé, a ó sì pè yín ní ọjọ́ tó ṣáájú láti sọ ohun tí NiMet wí."

Ohun tó bá wà nílé nìkan ni kí ẹ dárúkọ. Bí kò bá sí jẹnẹrétọ̀, ẹ má sọ pé ó wà. Bí àlejò bá sì ní kí ẹ bá òun wá ẹni tí yóò dá òjò dúró, ẹ má fi ìyẹn ṣe ìdánilójú tí ẹ ó tìtorí rẹ̀ gbowó.

Ọ̀rọ̀ owó

Òfin Ìjọba Àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ààbò oníbàárà fún àlejò ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé àyè tó ti gbà sílẹ̀. Onílé sì lè yọ iye tó bá bọ́gbọ́n mu nínú owó rẹ̀. Òfin náà kò fàyè gba kí a fi irọ́ ta ọjà. Nítorí náà, ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀ kí owó tó wọlé: iye tí ẹ ó dá padà, ìgbà tí ẹ ó dá a padà, àti bóyá àlejò lè yí ọjọ́ padà. Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa; ṣùgbọ́n àdéhùn tó wà nínú ìwé kì í jẹ́ kí òjò di ẹjọ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀mí

Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí tí àrá yóò fi sán. Mẹ́ta jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan. Bí kò bá tó 30, kí gbogbo ènìyàn wọ ilé, kí wọ́n sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó ń lọ sí Adó-Àwáyè pé kó sọ̀kalẹ̀ nígbà tí òjò bá ti ń ṣú, kó má sì sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo tó dá dúró.

Bí omi bá ń ṣàn kọjá lójú ọ̀nà, ẹ má sọ fún àlejò pé àwọn ará ìlú máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Omi tó jin ní 30 sẹ̀ǹtímítà lè gbé ọkọ̀ kékeré lọ. Kó dúró títí omi yóò fi fà, kódà bó bá fi alẹ́ kan kún iye ọjọ́ tó sùn.

Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ pèsè kúbùsù àti omi mímu, ẹ béèrè bóyá ẹnì kan wà tí èémí máa ń ṣòro fún, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dáná sẹ́bàá igbó. Ẹni tó ń ti òkè òkun bọ̀ nínú oṣù Ọ̀pẹ gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ ṣáájú ayẹyẹ, nítorí eruku ọyẹ́ lè dá ọkọ̀ òfuurufú dúró. Bí pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ níbikíbi ní ìpínlẹ̀ wa, ẹ pe 615, ọ̀fẹ́ ni.

A rọ gbogbo onílé ìgbàlejò láti kọ àwọn ìdáhùn wọ̀nyí sí ibi tí gbogbo òṣìṣẹ́ wọn ti lè rí i, kí ọ̀rọ̀ ẹni tó gbé fóònù lárọ̀ọ́ àti ti ẹni tó gbé e lálẹ́ lè bára mu.