Erasmus+: ọmọ tó gba àlejò náà ń kọ́ ìṣe adarí

Láti ìgbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kéde ní oṣù Kejìlá 2025 pé òun yóò padà sínú Erasmus+, ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, ní 2027, ọ̀rọ̀ owó ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn: mílíọ̀nù 570 pọ́ùn fún ọdún àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ òbí sì gbà pé àwọn ọmọ yunifásítì nìkan ló kàn. Lóòótọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 3,244 láti orílẹ̀-èdè 11 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1987, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo fẹ́ dúró sí, torí pé bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ tó rìnrìn àjò nìkan là ń wò. A kì í wo èyí tó wà nílé tó gbà á lálejò.

Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú Erasmus+, ó dá ètò Turing sílẹ̀. Turing ń sanwó fún ọmọ tó ń jáde, kò sanwó fún èyí tó ń wọlé. Wales ò fara mọ́ ọn. Ní 2022, ìjọba wọn gbé ètò Taith kalẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù 65 pọ́ùn: ẹgbẹ̀rún 15 ni wọ́n fẹ́ rán jáde, ẹgbẹ̀rún 10 ni wọ́n fẹ́ gbà wọlé.

Àmọ́ Jámánì àti Faransé ló mọ ọ̀nà àlọ àti àbọ̀ yìí jù. Ogun Àgbáyé Kejì ò tíì parí tó ogún ọdún nígbà tí Charles de Gaulle àti Konrad Adenauer tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ààfin Élysée, ní oṣù Kìn-ín-ní 1963. Nígbà tó di oṣù Keje, wọ́n ti dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wọn, àwọn tó sì ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ti lé ní mílíọ̀nù 9. Nínú ètò rẹ̀ tó ń jẹ́ Voltaire, wọ́n á so ọmọ Jámánì kan pọ̀ mọ́ ọmọ Faransé kan. Wọ́n á jọ gbé oṣù mẹ́fà nílé ọ̀kan, wọ́n á jọ gbé oṣù mẹ́fà nílé èkejì. Ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀sì tí yóò wọ̀ lónìí ni yóò di onílé lọ́la.

Ẹ wo ohun tó ń bọ́ sọ́rùn ọmọ ọdún 15 tó gba àlejò. Òun ni yóò ṣe ògbufọ̀ láàárín àlejò àti ìyá rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Òun ni yóò rí i pé wọn ò pa á tì ní kíláàsì. Bí àlejò bá ṣi olùkọ́ gbọ́, òun ni yóò ṣàlàyé láìdójú ti ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó fi í jẹ olórí kíláàsì, síbẹ̀ ẹnì kan ti wà tó gbára lé e: ìṣe adarí nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ náà ti wo irú ìpàdé báyìí. Ní 1954, Gordon Allport, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé kí ẹ̀yà méjì kàn rí ara wọn ò tó: kí wọ́n dọ́gba, kí wọ́n jọ máa lépa ohun kan náà, kí wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́, kí àwọn aláṣẹ sì wà lẹ́yìn wọn. Ní 2006, Thomas Pettigrew àti Linda Tropp kó ìwádìí 515 jọ, wọ́n sì rí i pé ìpàdé àárín ẹ̀yà sábà máa ń dín ẹ̀tanú kù. Ìwádìí mìíràn lórí àwọn ọmọ girama Jámánì, tó jáde ní 2015, fi hàn pé àwọn tó lọ sí òkè òkun túbọ̀ ń fojú iyì wo ara wọn, àti pé gbígbà tí àwọn onílé gbà wọ́n mọ́ra wà lára ohun tó fà á.

Ti ìṣe adarí gan-an ṣòro láti wọ̀n, torí pé ọmọ tó ti já fáfá tẹ́lẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń yàn láti lọ. Èrò tèmi, tí mi ò lè fi gbogbo ẹnu pè ní ẹ̀rí, ni pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní kíláàsì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi àlejò lé lọ́wọ́.

Ìwé ìrìnnà náà ò gbọdọ̀ di ìdènà. Láti ìparí 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Faransé tó bá rìn lọ́wọ̀ọ́ fi káàdì ìdánimọ̀ wọlé láìní páásípọ́ọ̀tù, ohun tí Brexit ti gbà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Kí ẹ̀yin òbí Yorùbá ní Peckham tètè bi ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín bóyá wọ́n máa wọ ètò Erasmus+, kí ẹ sì bi wọ́n iye ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbà wọlé, kì í ṣe iye tí wọ́n fẹ́ rán jáde nìkan.