Bí Ọmọ Bá Fẹ́ràn Òṣèlú, Kí Ni Òbí Ń Yọ̀ Sí?

Bíbélì kíkà: Mátíù 20:20-28

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín lónìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ. Bí ọmọ yín bá ń fetí sí ìròyìn láràárọ̀, tí ó mọ̀ pé aṣòfin 26 ni ó ń jókòó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ó sì lè dìde láàárín àwọn àgbà kí ó sọ ọ̀rọ̀ ìlú láìkólòlò, ṣé inú yín kò ní dùn? Yóò dùn. Àwọn aládùúgbò yóò máa pè yín ní bàbá gómìnà tàbí ìyá sẹ́nétọ̀, ẹ ó sì máa ṣe àmín. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ayọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí ni a ń yọ̀ sí gan-an? Ṣé iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ ṣe fún ìlú ni, àbí àga tí a fẹ́ kí ó jókòó lé?

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ tèmi kí n tó wàásù fún ẹlòmíràn. Ọ̀tà ni mo ń gbé. Ẹni tí ó bá mọ abẹ́ afárá Sàngó-Ọ̀tà ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ ń bọ̀ pẹ̀lú oorun lójú, àwọn tí wọ́n fẹ́ wọ iṣẹ́ òwúrọ̀ ń du ọkọ̀ tí ń lọ sí Ojú-Ọrẹ, ọlọ́kadà ń kígbe, oníbúrẹ́dì ń kiri. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ọkùnrin ti bi mí ní ọjọ́ kan, nígbà tí ó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, pé: “Dádì, ìlú tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí ọ̀nà ibẹ̀ fi máa ń bàjẹ́? Ta ló yẹ ká lọ bá?”

Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi nínú. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, mo sọ ọ́ lórí pẹpẹ, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pe ọmọ náà ní “Ọnọ́rébù”. Bí àlejò bá wá, màá ní kí ó wá sọ ọ̀rọ̀ ìjọba fún wọn. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tán, èmi ni ara mi máa ń yá jù.

Ní ìparí ọdún 2022, nígbà tí ìpolongo ìbò ti gbóná, ọmọ yìí ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Kò pẹ́ tí ó fi ra fóònù tuntun. Mo ní Olúwa ti ń gbé e ga. N kò béèrè ibi tí owó náà ti wá. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a dìbò gómìnà ti ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2023, ìyá rẹ̀ ń kó aṣọ rẹ̀ láti fọ̀, ó sì rí ìwé kan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Orúkọ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ni ó wà nínú ìwé náà, iye owó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọrin nínú ìjọ tí mo ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀.

A pè é jókòó. Kò jiyàn. Ó ní òun ni wọ́n kó owó fún láti pín fún àwọn olùdìbò, àti pé tòun náà wà nínú rẹ̀. Mo gbé ohùn sókè, mo ní ṣé ohun tí mo kọ́ ọ nìyẹn? Ó wò mí lójú, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì kúrò létí mi: “Dádì, ẹ má bínú o. Ọjọ́ pẹ́ tí ẹ ti ń pè mí ní Ọnọ́rébù. Ẹ ò bi mí rí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe.”

Ẹ̀yin ará, n kò lè sùn ní òru ọjọ́ náà. Mo ṣí Bíbélì sí ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kìíní. Níbẹ̀ ni a ti rí Àdóníjà, ọmọ Dáfídì, tí ó gbé ara rẹ̀ ga pé òun ni yóò jọba. Ó wá kẹ̀kẹ́ ogun àti ẹlẹ́ṣin, ó sì wá àádọ́ta ọkùnrin tí yóò máa sáré níwájú rẹ̀. Ẹsẹ kẹfà jẹ́ kí a mọ̀ pé bàbá rẹ̀ kò bá a wí rí, kò tilẹ̀ bi í ní ìdí ohun tí ó ń ṣe. Dáfídì tí ó dojú kọ Gòláyátì kò lè dojú kọ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Nígbà tí a ó fi dé orí kejì, wọ́n ti pa Àdóníjà. Èmi ni Dáfídì yẹn. Ṣé kì í ṣe ìwọ náà?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ibi tí a kà. Ìyá àwọn ọmọ Sébédè mú Jákọ́bù àti Jòhánù wá sọ́dọ̀ Jésù, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ̀kan jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún Rẹ̀, kí èkejì wà ní ọwọ́ òsì, nínú ìjọba Rẹ̀. Ìyá rere ni. Ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ di ènìyàn. Jésù kò lé e. Ago ni Ó bi wọ́n léèrè: ṣé wọ́n lè mu nínú rẹ̀? Lẹ́yìn náà ni Ó kọ́ gbogbo àwọn ọmọ-ẹ̀yìn pé ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ ọ̀gá ní láti di ìránṣẹ́.

Ẹ wá lọ wo orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n ìwé kan náà. Nígbà tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, ta ni ó wà ní ọ̀tún, ta ni ó wà ní òsì? Olè méjì ni. Ẹsẹ 56 sì sọ pé ìyá àwọn ọmọ Sébédè wà lára àwọn obìnrin tí wọ́n dúró lókèèrè tí wọ́n ń wò. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí àyè tí ó bẹ̀bẹ̀ fún. Nígbà tí ó sì yá, Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù, bí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 12:2 ti wí. Ago kì í ṣe eré. Ọmọ tí ó bá fẹ́ sin ìlú ní òtítọ́ yóò mu nínú rẹ̀, òbí rẹ̀ yóò sì bá a mu.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ nìyẹn. Ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ní Abẹ́òkúta, ilé òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan wà tí a lè kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì ni ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School láti ọdún 1932 títí di 1954, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT. Fúnmiláyọ̀ aya rẹ̀ ń kọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà ní ìwé kíkà kí ó tó kó wọn jọ lòdì sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, títí Aláké Adémọ́lá fi ní láti fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan ní ọdún 1949. Iṣẹ́ ìsìn ni ó ṣáájú, kí ariwo tó dé.

Ẹ wo àwọn ọmọ wọn. Olíkóyè di Mínísítà Ètò Ìlera láti ọdún 1985 sí 1992. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ tọ́mọ nígbà náà kò ní gbàgbé abẹ́rẹ́ àjẹsára àti omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń kéde rẹ̀. Bẹ́kọ̀, dókítà bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn débi pé ìjọba ológun sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní ọdún 1995, kò sì jáde títí di 1998. Fẹlá fi orin bá ìjọba wí. Èmi kò fara mọ́ gbogbo ìgbé ayé Fẹlá, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ago ìyá wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá ẹni ọdún 76 láti ojú fèrèsé. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978.

Nítorí náà, mi ò ní kí ẹ lé ọmọ kúrò nínú òṣèlú. Jósẹ́fù àti Dáníẹ́lì ṣiṣẹ́ ní ààfin ọba. Ìlẹ̀kùn tilẹ̀ ti ṣí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tí ó jẹ́ kí ẹni ọdún 25 lè dupò aṣòfin ní ìpínlẹ̀ àti aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, kí ẹni ọdún 35 sì lè dupò ààrẹ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ máa bi ọmọ léèrè. Ta ni o fẹ́ sìn? Owó ta ni ó wà lọ́wọ́ rẹ? Kí ni o ti ṣe fún àdúgbò yìí nígbà tí kò sí ipò lọ́wọ́ rẹ?

Ẹ sì bi ara yín pẹ̀lú. Nígbà ìbò Èkìtì ọdún 2018, gbogbo wa ni a gbọ́ “dìbò kí o se ọbẹ̀”. Òbí tí ó ta ìbò rẹ̀ nítorí ìrẹsì, irú ìwàásù wo ni yóò ṣe fún ọmọ tí ń pín owó ìbò? Ẹ̀bi ọmọ mi kọ́ nìkan ni. Bí bàbá bá ń yin àga, ọmọ yóò wá àga lọ́nàkọnà.

Ọmọ mi dá owó náà padà. Ó ti ná díẹ̀ nínú rẹ̀. Owó àjọ tí ìyá rẹ̀ kó ni a fi dí i. Èmi àti òun jọ lọ bá àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nílé wọn, a sì tọrọ àforíjì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ bú u, wọ́n ní ọmọ pásítọ̀ kò gbọ́n. Títí di òní kò dé ipò kankan. Ṣùgbọ́n kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mo jáde ní àárọ̀ Sátidé kan, mo bá a pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò nínú gọ́tà, wọ́n ń kó ẹrẹ̀ jáde kí omi lè rí ọ̀nà lọ. N kò pè é ní Ọnọ́rébù. Mo lọ wọ bàtà òjò mi, mo sì gbá ṣọ́bìrì mú.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Bàbá wa ọ̀run, dárí jì wá níbi tí a ti fi ọmọ wa wá ògo fún ara wa. Fún wa ní ẹnu láti béèrè, àti etí láti gbọ́ ìdáhùn wọn. Sọ àwọn ọmọ wa di ìránṣẹ́ kí wọ́n tó di ọ̀gá. Bí ago bá sì dé, jẹ́ kí ó bá àwa àti àwọn lórí ìdúró, ní orúkọ Jésù Kírísítì Olúwa wa. Àmín.