Ta Ló Ń Jẹ Owó Yàrá Òtẹ́ẹ̀lì Ní Ṣógúnlé?

Tí wọ́n bá dárúkọ iye owó yàrá fún oníbàárà nídìí káńtà, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ fà ro: "Yàrá kékeré yìí náà?" Ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì kò rẹ́rìn-ín. Ní Ṣógúnlé, láàrin Agége Motor Road àti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, àtẹni tó ń sanwó àtẹni tó ń gbà á ló ń ráhùn.

Ṣógúnlé kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Kò sí etíkun níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń tìtorí àti ṣe fàájì wá síbẹ̀ láti òkè òkun. Èrò ọ̀nà ló ń gbé àwọn òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ró: ẹni tó fẹ́ wọ bàálù ìdájí, tí kò fẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká òun mọ́ ojú ọ̀nà, oníṣòwò tó sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì Òṣòdì lálẹ́, ẹni tí bàálù rẹ̀ kò gbéra mọ́. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé fàájì December 2024, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní Detty December, mú ohun tó lé ní mílíọ̀nù 71 dọ́là wọlé, Victoria Island àti Lekki ni ariwo rẹ̀ pọ̀ sí.

Lórí ọ̀rọ̀ bàálù yìí, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èrò kò mọ̀. Òfin àjọ NCAA sọ pé bí ìdádúró bàálù abẹ́lé bá wọ àárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́rin ìdájí, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà ló gbọ́dọ̀ wá yàrá òtẹ́ẹ̀lì fún èrò, kó sì wá ọkọ̀ tó máa gbé e débẹ̀. Ẹni tí kò bá bèèrè, àpò ara rẹ̀ ló máa fi san án.

Níbo wá ni owó yàrá ń gbà lọ? Iná ni ká kọ́kọ́ bi. Ní April 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n dín in kù sí ₦206.80. Ká sọ pé ẹ̀rọ amúlétutù yàrá kan jẹ yúníìtì 8 láti alẹ́ dòwúrọ̀. Ohun tó jẹ́ ₦544 tẹ́lẹ̀ ti di ₦1,654. Ẹ má gbàgbé pé a ò tíì ka ẹ̀rọ omi, fíríìjì àti iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn o.

Òtẹ́ẹ̀lì tí kò sí ní Band A ń san owó iná tó kéré, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ ló máa fi dí àlàfo. Látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní June 2023, epo dísẹ́ẹ̀lì kò ṣeé fojú rénà. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pa jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀, tí wọ́n á tún tàn án nírọ̀lẹ́. Wọn ò lè pa á lóru, torí oníbàárà tí ooru bá mú kò ní padà wá mọ́.

Owó orí ló kàn. VAT ti ìjọba àpapọ̀ di ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní February 2020. Òfin Èkó ti ọdún 2009 tún ní ìdá 5 tiẹ̀ lórí yàrá òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá máa ń kọ méjèèjì sórí rìsíìtì lọ́tọ̀. Ní ti kékeré, iye kan ṣoṣo ló máa ń pè, oníbàárà á sì tún ná an. Tó bá jẹ́ ₦20,000 ni wọ́n jọ fẹnu kò sí, tí owó orí méjèèjì sì wà nínú rẹ̀, nǹkan bíi ₦2,220 kì í ṣe ti òtẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó láṣẹ lórí òtẹ́ẹ̀lì ti dé kóòtù. Ní 19 July 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni ìforúkọsílẹ̀ àti àbójútó òtẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ìdájọ́ yẹn kò mú VAT kúrò.

Ní báyìí, shortlet tún ti dé. Onílé tó ní fúláàtì lè kó bẹ́ẹ̀dì sí i, kó gbé e sórí Airbnb, kó sì máa gbà á lówó alẹ́ dípò owó ọdún. Kò nílò ẹni tó máa jókòó sí káńtà tọ̀sán-tòru. Òtẹ́ẹ̀lì kékeré nílò ẹni náà, ó nílò ẹni tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó nílò ọdẹ. Tí yàrá bá ṣófo lọ́sẹ̀ méjì léraléra, ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni ọ̀gá ti máa ń kọ́kọ́ dín ìnáwó kù.