Fourways: Oríta Mẹ́rin Tó Gbé Abúlé Mì

Ẹni tó bá dé Fourways lónìí, ní ìhà àríwá ìlú Johannesburg lórílẹ̀-èdè South Africa, yóò rí ilé ìtajà ńláńlá, ọkọ̀ tó ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn, àti ilé olówó tí ògiri gíga yí ká. Ta ni yóò gbàgbọ́ pé abúlé oko lásán ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Orúkọ rẹ̀ kò le láti túmọ̀: oríta mẹ́rin ni. Ibi tí ọ̀nà Witkoppen ti dábùú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní William Nicol nígbà náà ni wọ́n ń sọ. Nílẹ̀ Yorùbá, oríta kì í pẹ́ dọjà. Tiwọn pẹ́ díẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ Boer, òyìnbó tí púpọ̀ nínú baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Holland wá, ló ni oko tó wà káàkiri ibẹ̀. Wọ́n pe ọ̀kan ní Witkoppen. Wọ́n pe èkejì ní Zevenfontein, ìyẹn "ìsun omi méje". Ṣùgbọ́n apá aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi ń ro oko ọ̀hún. Òfin ilẹ̀ ọdún 1913 kò gbà kí aláwọ̀ dúdú ra ilẹ̀ kọjá àyè tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn, nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 gbogbo ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin èèyàn wa: kí ènìyàn máa gbé orí ilẹ̀, kó bímọ síbẹ̀, síbẹ̀ kó máà lè pè é ní tirẹ̀!

Nígbà tí Johannesburg, ìlú tí wúrà dá sílẹ̀ ní 1886, fẹ̀ dé ọ̀hún, oko di ilé. Wọ́n ṣí Fourways Mall ní 1994, ọdún tí Nelson Mandela di ààrẹ. Ní 2000, wọ́n ṣí Montecasino, ilé tẹ́tẹ́ àti ìgbafẹ́ tí wọ́n kọ́ bí abúlé àtijọ́ ilẹ̀ Ítálì. Wọ́n kun àjà rẹ̀ bí ojú sánmà, wọ́n sì ṣe ògiri tuntun bí èyí tó ti gbó. Abúlé gidi pòórá, ayédèrú abúlé dìde.

Àwọn òtòṣì tó kọ́ ahéré páànù sí Zevenfontein ńkọ́? Àwọn onílé àdúgbò kò fẹ́ wọn nítòsí. Ní 1995, wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Diepsloot, ibùdó tó yẹ kó jẹ́ ti ìgbà díẹ̀. Títí dòní, ibùdó náà kò tú ká. Ńṣe ló ń kún sí i.

William Nicol yẹn ló ṣàkóso ẹkùn Transvaal láti 1948 sí 1958, lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní 2023, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ọ̀nà náà, wọ́n sì fi ti Winnie Mandela rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ará Diepsloot ń gbà láàárọ̀ wá tọ́jú ilé àti ọgbà àwọn ará Fourways, òun náà ni wọ́n sì ń gbà padà nírọ̀lẹ́.